Títúmọ̀ Ọ̀rọ̀ Àdàpè fún Ikú láti Èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àdàpè tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ikú sí èdè Yorùbá. Èrò Eugene Nida (1964) nípa ìbádọ́gba nínú ìtumọ̀ ni iṣẹ́ náà fi ṣe òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ìmọ̀lára ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ni ó ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ àdàpè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó jẹ́ pé ipò ẹni tí ó kú, ọjọ́ orí rẹ̀ àti irú ikú tí ó kú ni ó ń darí ti Yorùbá. Nítorí náà, ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè béèrè fún ìtumọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Yorùbá. Iṣẹ́ náà parí pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin tí olùkọ́ lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà ṣe irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àdàpè olè ni àfọwọ́rá. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ̀ pé ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ bo ohun tí ó le mọ́lẹ̀, àti pé bíbò tí a bò ó kò sọ ọ́ di ohun mìíràn. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń dà pè, ekukáká ni a óò fi rí èyí tí ó tó ikú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lójú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Lóde òní, iṣẹ́ ìtumọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kò mọ sí inú ìwé nìkan. Oníròyìn ń ṣe é lórí rédíò lójoojúmọ́. Ògbufọ̀ ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé ẹjọ́. Nọ́ọ̀sì ń ṣe é ní ilé ìwòsàn fún ẹbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣe ibùgbé. Nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, ìròyìn ikú kò lè ṣe kó má jẹyọ. Àṣìtumọ̀ níbẹ̀ kò rí bí àṣìtumọ̀ orúkọ oúnjẹ. Ó lè mú kí ẹbí máa retí ẹni tí kò ní padà wá mọ́. Ó lè dójú ti ààfin kan, ó sì lè mú kí ìyá tí ó sin ọmọ rò pé wọ́n ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti ṣàlàyé ìdí tí irú àṣìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ọ̀nà tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹra fún un.

2.0 Ọ̀rọ̀ Àdàpè àti Ìdí tí a fi ń Lò ó

Ọ̀rọ̀ àdàpè ni ọ̀rọ̀ tàbí gbólóhùn tí a fi rọ́pò ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó le jù, tí ó bani lẹ́rù tàbí tí ó ń tini lójú. Ìdí mẹ́ta pàtàkì ni a fi ń dà ikú pè. Èkíní ni ìbẹ̀rù, nítorí ìgbàgbọ́ pé ohun tí a bá ń dárúkọ lè jẹ́ ìpè. Èkejì ni ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó lọ. Ẹ̀kẹta ni àánú fún ẹni tí ó kù. Gbogbo èdè ni ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí èdè kọ̀ọ̀kan fún wọn kò dọ́gba.

Àwọn èdè mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹni tí ó kú ń pinnu ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọn yóò lò. Ní èdè Lithuania, fún àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ ìṣe mirti ni wọ́n ń lò fún ikú ènìyàn, wọ́n sì tún ń lò ó fún ikú oyin nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún kòkòrò náà. Ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn, dvėsti tàbí gaišti, ni ti àwọn ẹranko yòókù. Bí olùtúmọ̀ bá lo ọ̀rọ̀ ẹranko fún ènìyàn níbẹ̀, èébú ni ó bù. Èyí fi hàn pé fífi ọ̀rọ̀ ikú díwọ̀n iyì kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

3.0 Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Yìí

Nida (1964) ya oríṣi ìbádọ́gba méjì sọ́tọ̀ nínú ìtumọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìbádọ́gba ní ìrísí, níbi tí olùtúmọ̀ ti ń gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú èdè orísun bọ́ sínú èdè àfojúsùn bí wọ́n ṣe wà. Èkejì ni ìbádọ́gba ní ipa, níbi tí olùtúmọ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe fún olùgbọ́ tuntun ohun tí ọ̀rọ̀ ti ìṣáájú ṣe fún olùgbọ́ tirẹ̀. Nida kò sọ pé ọ̀kan kò wúlò. Ó gbà pé irú iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó yẹ.

Ọ̀rọ̀ àdàpè jẹ́ ibi tí ìyàtọ̀ méjèèjì ti hàn kedere, nítorí pé ohun tí ọ̀rọ̀ àdàpè ń ṣe ṣe pàtàkì ju ohun tí ó ń sọ lọ. Ẹni tí ó sọ pé ẹnì kan "ti lọ" kò fẹ́ sọ nípa ìrìn rárá. Bí olùtúmọ̀ bá gbé ìrìn náà dání tí ó sì gbàgbé ìtùnú tí ó wà nínú rẹ̀, èèpo ni ó gbé, ó fi iṣu sílẹ̀.

4.0 Bí Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń Da Ikú Pè

A lè pín ọ̀rọ̀ àdàpè Gẹ̀ẹ́sì fún ikú sí ìsọ̀rí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí ó wà nínú wọn:

(1) Ìrìn-àjò: "pass away", "pass on", "depart", "gone to a better place".
(2) Oorun àti ìsinmi: "fall asleep", "at rest", "rest in peace". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún itẹ́ òkú, "cemetery", pàápàá ti inú èdè Gíríìkì wá, ibi ìsùn sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.
(3) Àdánù: "we lost him", "sorry for your loss", "he did not make it".
(4) Àwàdà: "kick the bucket" àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí ti wà nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro tí Francis Grose tẹ̀ jáde ní ọdún 1785.

Ohun kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ni pé ìsọ̀rí mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yan ẹni. Olówó "passed away", tálákà "passed away". Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ fún arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún àti ọmọ ọ̀sẹ̀ kan. Inú olùgbọ́ tí wọn kò fẹ́ kí ó bàjẹ́ jù ni wọ́n ń rò.

Ẹ̀rí kan tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ ni ikú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Nígbà tí ààfin Bírítéènì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó wà nínú ìkéde náà ni "died" gan-an. Kò sí ìbòjú kankan lára ọ̀rọ̀ ìṣe náà. Ipò ọbabìnrin kò sọ ọ̀rọ̀ náà di èèwọ̀ lójú àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì.

5.0 Bí Èdè Yorùbá ṣe ń Da Ikú Pè

Ní ti Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó kú?

5.1 Ọba: Ọba kì í kú, ọba ń wàjà ni. Wọ àjà ni ó di wàjà: ọba wọ inú àjà ilé lọ, ojú kò sì rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ. Àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ ní ètò. Nígbà tí ìròyìn ikú Oòni Okùnadé Ṣíjúwadé jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, àwọn ìjòyè Ifẹ̀ kọ́kọ́ ní irọ́ ni, ó sì di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní ìlànà. Ẹni tí ó bá ka èyí sí irọ́ pípa nìkan kò tíì mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ àdàpè ń ṣe láàrin Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọba tí àwọn ìjòyè kọ̀ tí wọ́n sì ní kí ó kú, "ṣíṣí igbá wò" ni wọ́n ń pe ikú tirẹ̀.

5.2 Àgbàlagbà: Àgbà tí ó gbó, tí ó tọ́, tí ó fi ọmọ sáyé lọ, a máa ń sọ pé ó re ibi àgbà ń rè, ó fi ilẹ̀ bora, ó dágbére fáyé, ó papòdà tàbí ó jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ẹni ńlá láwùjọ, a lè sọ pé erin wó tàbí pé ọ̀pọ́ yẹ̀.

5.3 Ọ̀dọ́: Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀dọ́ re ibi àgbà ń rè, nítorí pé kò tíì di àgbà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, pé ọlọ́jọ́ dé, pé ẹlẹ́mìí gbà á, tàbí pé ó ṣaláìsí.

5.4 Ọmọ ọwọ́: Ìyá ọmọ ni ọ̀rọ̀ kọjú sí níbí. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ìyá ni agbè náà. Àdàpè yìí kò dárúkọ ikú, kò sì dárúkọ ọmọ pàápàá. Ọjọ́ iwájú ni ó ń tọ́ka sí.

5.5 Irú ikú: Obìnrin tí ó kú níbi ìbímọ, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó kú sí. Aláìsàn tí gbogbo ìtọ́jú kò ràn mọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.

5.6 Ẹ̀sìn: Ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fi kún àpò ọ̀rọ̀ yìí. Oorun ìkẹyìn, ilé ògo àti jíjọ̀wọ́ ẹ̀mí wọ́pọ̀ lẹ́nu Kírísítẹ́nì. Mùsùlùmí a máa gbàdúrà kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ta òkú lọ́rẹ. Àdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere kò ní ẹlẹ́sìn kan. Gbogbo wọn ni ó ń ṣe é.

5.7 Àwàdà àti ìkóguntini: Ẹni tí kò ní ọ̀wọ̀ lójú olùsọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó ta téru nípàá. Bí wọ́n bá fi èyí ròyìn ikú ènìyàn pàtàkì, ìjà dé.

6.0 Ibi tí Ìṣòro Wà

6.1 "Pass away": Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ó sì ń tan olùtúmọ̀ jù, nítorí pé ó rọrùn. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ pé ẹnì kan "passed away" ní òru àná lè di:

(5a) Kábíyèsí wàjà ní òru àná.
(5b) Màmá re ibi àgbà ń rè ní òru àná.
(5d) Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní òru àná. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣaláìsí.
(5e) Ọmọ náà kò dúró. Òru àná ni omi dànù.
(5ẹ) Gbajúgbajà olè náà ta téru nípàá ní òru àná.

Kò sí èyí tí ó ṣe é fi rọ́pò èkejì. Bí olùtúmọ̀ bá fi (5b) sípò (5d), àwọn òbí ọmọ náà yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní ọjọ́ ọmọ àwọn ti pé. Bí kò bá mọ ẹni tí ó kú, ọ̀rọ̀ tí kò yan ẹni ni kí ó lò, irú bí "jáde láyé" tàbí "ṣaláìsí".

6.2 "We lost him": Bí ògbufọ̀ ilé ìwòsàn bá tú èyí sí "a ti sọ ọ́ nù", ohun tí ẹbí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé níbo ni wọ́n sọ ọ́ nù sí. "A pàdánù rẹ̀" sàn díẹ̀, rédíò sì ti mú kí etí mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí ó kú náà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dá lé, kì í ṣe dókítà tí ó pàdánù aláìsàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pàápàá, wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà pé kí wọ́n sọ ọ́ ní tààrà fún ẹbí pé ẹni wọn ti kú, kí iyèméjì má baà wà. Èyí gbé ògbufọ̀ Yorùbá sáàárín ọ̀nà méjì. Bí ó bá tú ọ̀rọ̀ dókítà ní ṣákálá pé "bàbá yín ti kú", ó ti ṣe ohun tí ọmọlúàbí kì í ṣe. Bí ó bá sì sọ pé ara bàbá kò yá díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń sọ fún ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀ kí ó lè tètè wálé kí wọ́n tó túfọ̀ fún un, ó ti sọ ohun tí dókítà kò sọ. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú èdè náà: "Ẹ̀pa kò bóró mọ́, bàbá ti ṣaláìsí." Ìdajì àkọ́kọ́ múra ọkàn sílẹ̀, ìdajì kejì kò fi iyèméjì sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ ni wọ́n jọ wà nínú gbólóhùn kan.

6.3 "Late": Olóògbé ni Yorùbá ń lò fún èyí, ó sì bá a mu. Inú òògbé ni olóògbé ti jáde: ẹni tí oorun gbé lọ. Àwòrán oorun tí ó wà nínú ìsọ̀rí (2) ti wà nínú Yorùbá fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń sọ ọ́ lè máà rántí mọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́. A kì í pe ọmọ ọwọ́ ní olóògbé. Bákan náà, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń sọ a máa lo "he is late" fún ẹni tí ó ti kú, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó pẹ́ dé ni Gẹ̀ẹ́sì Bírítéènì ń fi gbólóhùn kan náà tọ́ka sí. Olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì ti ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

6.4 "Gone to a better place": Bí a bá tú èyí ní ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, "ó ti lọ sí ibi tí ó dára jù" ni yóò jẹ́, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ sì lè rò pé ìlú òyìnbó ni ó lọ. Yorùbá máa ń dárúkọ ibi náà: ilé ògo fún Kírísítẹ́nì, Àlùjánnà fún Mùsùlùmí, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Olùtúmọ̀ tí kò mọ ẹ̀sìn òkú kò gbọdọ̀ yan ọ̀run fún un. Àdúrà afẹ́fẹ́ rere ni kí ó lò.

6.5 "Kick the bucket": Orí ni ó bá ti olùtúmọ̀ ṣe níbí. "Ta téru nípàá" ní ìtàpá nínú bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà ni ipa wọn sì rí. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì ṣe tìtorí ẹyọ kan tí ó bára mu yìí rò pé gbogbo àwòrán Gẹ̀ẹ́sì ni yóò rí ẹlẹgbẹ́ ní Yorùbá.

6.6 "Took his own life": Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀nà tí ẹni náà gbà kú pamọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu, "pokùn so" tàbí "gbé májèlé jẹ", tú àṣírí náà síta. Oníròyìn tí ó bá lo ọ̀kan nínú wọn láìmọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ti fi ohun tí kò sí nínú ìròyìn kún un. "Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀" sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ, kò lé kan, kò dín kan.

6.7 "Put to sleep": Bí wọ́n bá lò ó fún ajá tí ó ń ṣàìsàn, kò sí ìdí fún àdàpè ní Yorùbá. Wọ́n fún ajá náà lóògùn, ó sì kú. Ẹni tí ó bá tú u sí pé wọ́n mú ajá náà sùn ti mú kí olùgbọ́ máa retí ìgbà tí yóò jí.

7.0 Ẹ̀rí Méjì láti inú Ìwé

Ẹ̀rí kìíní ni eré onítàn Dúró Ládiípọ̀, Ọba Wàjà, tí ó jáde ní ọdún 1964. Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ ti àwọn ọdún 1940 ni eré náà dá lé: ọba wàjà, ó sì yẹ kí ìjòyè tí ń ṣe ìtọ́jú ẹṣin rẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba òyìnbó dí i lọ́wọ́. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkọlé eré náà di "The King is Dead". Ní ti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àjà ti wó: ọba tí kì í kú ti kú ní ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tí olùtúmọ̀ rí ni pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ ti ikú ọba nìkan, nítorí náà ó gba ohun tí èdè náà ní.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kan náà ni Wọlé Ṣóyínká lò nínú Death and the King's Horseman (1975), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì tú sí Yorùbá ní Ikú Olókùn-ẹṣin (1994). Níbí, ikú wà nínú àkọlé Yorùbá ní gbangba, kò sì di èèwọ̀, nítorí pé ikú olókùn-ẹṣin ni, kì í ṣe ti ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ abọ́bakú ṣe rí: ọ̀rọ̀ ìṣe kú wà nínú rẹ̀ ní ṣangiliti. Bí a bá fi Ọba Wàjà àti Ikú Olókùn-ẹṣin lé orí òṣùwọ̀n kan náà, a óò rí i pé èdè Yorùbá fi ìbòjú bo ọba, ó sì fi ojú ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà nínú Ìhìn Rere Jòhánù, orí kọkànlá. Jésù sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé Lásárù sùn. Wọ́n rò pé oorun lásán ni, wọ́n sì dáhùn pé bí ó bá sùn, ara rẹ̀ yóò dá. Ìgbà náà ni ó tó sọ fún wọn gbangba pé Lásárù ti kú. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, lo "sùn" níbẹ̀, ó sì tọ̀nà pé ó lò ó. Bí olùtúmọ̀ bá ti fi "ṣaláìsí" sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìgbọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò ní ní ìdí mọ́, ìtàn náà yóò sì dàrú. Èyí jẹ́ ibi tí ìbádọ́gba ní ìrísí ti borí, nítorí pé àwòrán oorun náà gan-an ni ìtàn náà gbé ẹsẹ̀ lé. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi irú àpẹẹrẹ yìí sí iwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má baà rò pé gbogbo ìgbà ni a ń sọ àwòrán nù.

8.0 Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tú ọ̀rọ̀ àdàpè kan fún ikú, ó yẹ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí:

(6a) Ta ni ó kú? Kí ni ipò rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀?
(6b) Irú ikú wo ni, ǹjẹ́ èdè orísun sì fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n?
(6d) Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ń gbọ́?
(6e) Iṣẹ́ kí ni ọ̀rọ̀ náà wá ṣe: ìkéde, ìtùnú, ọ̀wọ̀, àwàdà, tàbí kí ó mú kí ẹnì kan nínú ìtàn ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́?

Ìdáhùn sí (6e) ni yóò sọ bóyá àwòrán inú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ dúró, tàbí kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ti Yorùbá. Nígbà mìíràn, ìdáhùn náà yóò béèrè fún àdàpè níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti lò ó. Ìkéde ti ọdún 2022 tí a mẹ́nu bà lókè jẹ́ àpẹẹrẹ kan. "Died" ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí oníròyìn Yorùbá bá kéde pé "Ọbabìnrin kú", etí àwọn àgbà kò ní gbà á. Àwọn kan lè jiyàn pé wàjà jẹ́ ti ọba tí ó jẹ ní ìlànà Yorùbá, pé "jáde láyé" ni ó tọ́ sí ọbabìnrin òkèèrè. Àwọn mìíràn lè sọ pé adé ni adé ń jẹ́. Ìhà méjèèjì ní àwíjàre, kí olùkọ́ sì jẹ́ kí kíláàsì ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí ìhà méjèèjì gbà ni pé "kú" lásán kò tó.

Iṣẹ́ àmúṣe kan tí ó lè wúlò ni kíkí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kí olùkọ́ kọ "sorry for your loss" sí ojú pátákó, kí ó sì fún ìsọ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí wọn yóò kí. Àwọn tí ó ń kí ọmọ olóògbé àgbàlagbà yóò dé ibi "ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn yóò dára". Àwọn tí ó ń kí òbí ọ̀dọ́ tí ó kú yóò dé ibi "ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò dáwọ́ ibi dúró". Kí olùkọ́ wá ní kí wọ́n pààrọ̀ ìkíni náà, kí wọ́n sì fetí ara wọn gbọ́ ọ. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kí òbí ọ̀dọ́ pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ó ti dá ọgbẹ́ mìíràn sí wọn lára.

Ó tún yẹ kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ní ìlú wọn láti ṣe àkójọ àdàpè ikú tí ó wà ní ẹ̀ka èdè ibẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì wọ inú ìwé atúmọ̀. Bí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n bá ti lọ tán, "pàdánù" àti "sinmi ní àlàáfíà" ni yóò kù fún gbogbo òkú, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́.

9.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń ro ti olùgbọ́ kí ó tó da ikú pè, Yorùbá sì máa ń ro ti òkú fúnra rẹ̀ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí "pass away" fi lè di wàjà, kí ó di bíbá àgbà lọ, kí ó sì tún di omi tí ó dànù. Ìdí nìyí bákan náà tí "died" fi lè béèrè fún ìbòjú ní Yorùbá, tí "put to sleep" kò sì béèrè fún un. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tí ó kú kí ó tó wá ọ̀rọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Yorùbá ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Níbi tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, ọwọ́ ògbufọ̀ ni ẹyin náà wà.